Òórùn Ilé Iṣẹ́ àti Ẹ̀rí Ọkàn



Ìbéèrè kan wà tí àwọn olùkọ́ni ní ìwà rere ti ń bi ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́: bí ènìyàn bá ń ṣe iṣẹ́ rere, tí ibi sì ti ara iṣẹ́ náà jáde láìjẹ́ pé ó pète rẹ̀, ǹjẹ́ ó jẹ̀bi ibi náà? Ó dàbí ohun tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé láti máa jiyàn lé lórí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò jìnnà sí wa. Nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí ni ó wà. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò nípa ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ dájú: ilé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe oúnjẹ adìyẹ, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹja ọ̀sìn, èyí tí àwọn ọlọ́sìn ń pè ní fíìdì.

Kò sí olóòótọ́ ènìyàn tí yóò sọ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ rere. Ẹyin tí ọmọ ń jẹ kí ó tó lọ sí ilé ìwé, adìyẹ tí a ń pa ní ọjọ́ àjọ̀dún, ẹja àrọ̀ tí a ń sè fún àlejò, fíìdì ni ó wà nídìí wọn. Ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní àyíká Èkó, ọ̀pọ̀ baálé ilé ni ó ń ti ibẹ̀ rí owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ san. Àgbẹ̀ ń ta àgbàdo fún wọn. Ẹni tí ó ń fún òróró èkùrọ́ ń ta èyí tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn òróró fún wọn. Awakọ̀ ń rí ẹrù gbé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo fẹ́ bú iṣẹ́ tí ń bọ́ ìlú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo inú ilé iṣẹ́ náà. A ó rí àgbàdo, sóyà, eèrí ọkà, ẹ̀pà àti èkùrọ́ tí a ti fún òróró wọn kúrò, ìkarahun, egungun, ẹ̀jẹ̀ ẹran tí a ti gbẹ, àti ẹja òkun tí a ti lọ̀. Ẹ̀rọ kan ń lọ̀ wọ́n, òmíràn ń pò wọ́n pọ̀. Bí a bá fẹ́ kí oúnjẹ náà di hóró-hóró, a ó fi oruku omi gbígbóná sè é díẹ̀, títí ìgbóná rẹ̀ yóò fi tó 70 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius. A ó fi ipá tì í gba inú ihò irin. Lẹ́yìn náà a ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ó lè tutù. Ohun méjì ni ó ń jáde lọ sí òde nínú gbogbo èyí: èkíní ni eruku, èkejì ni òórùn. Eruku ń ti ibi ìlọ̀ àti ibi ìtú ẹrù wá. Òórùn ń ti ibi tí a ti ń sè é, tí a sì ti ń mú un tutù wá, nítorí ìgbóná ti tú òórùn ẹja, ti ọ̀rá àti ti ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, atẹ́gùn sì gbé e lọ bá ẹni tí kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Àpò aṣọ tí a fi ń sẹ́ afẹ́fẹ́ lè dá eruku dúró. Òórùn a máa gba inú rẹ̀ kọjá.

Àwọn àgbà ti rí irú èyí tẹ́lẹ̀, kí ẹ̀rọ kankan tó dé ilẹ̀ wa. Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ń jẹ kòkòrò náà kò pète láti gba oorun lójú ẹnikẹ́ni. Ebi ni ó ń pa á. Síbẹ̀, ilé kò rí oorun sùn.

Ǹjẹ́ ó jẹ̀bi bí? Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, Tómásì Mímọ́ ti Aquino kọ́ni pé iṣẹ́ kan ṣoṣo lè bí ohun méjì: ọ̀kan tí a pète, àti èkejì tí ó wà lẹ́yìn ìpète wa. Àwọn olùkọ́ tí ó tẹ̀ lé e là á sí ọ̀nà mẹ́rin. Iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ burú fúnra rẹ̀. A kò gbọdọ̀ pète ibi. A kò gbọdọ̀ fi ibi ṣe ọ̀nà tí a ó gbà dé ibi rere. Rere náà sì gbọdọ̀ tóbi tó èyí tí a lè torí rẹ̀ fara da ibi náà. Onílé iṣẹ́ lè na ọwọ́ sókè nígbà tí a bá ka mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ó sọ pé ọwọ́ òun mọ́. Ìdí kẹrin ni ó le. Nítorí bí a bá lè dín ibi kan kù, tí a sì mọ̀ bí a ti lè ṣe é, tí a kò ṣe é kí èrè má bàa dín, kí ni ó kù tí a lè pè ní àìpète? Ibi tí a lè mú kúrò tí a sì fi sílẹ̀, a ti gbà á wọ inú ìfẹ́ ọkàn wa.

Ẹlòmíràn yóò dáhùn pé, “Èmi kò mọ̀.” Ẹ jẹ́ kí a gbé ìdáhùn yìí yẹ̀ wò dáadáa, nítorí nígbà mìíràn òtítọ́ ni. Ní Barcelona, ìlú etíkun kan ní ilẹ̀ Spéènì, láàárín 1981 sí 1987, ìgbà 26 ni ikọ́ fée dédé kọ lu ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọjọ́ kan náà, tí wọ́n ń du èémí, tí a ń sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn kan kú nínú wọn. Àwọn oníṣègùn wádìí títí. Nígbẹ̀yìn wọ́n rí i pé ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi bá ń tú sóyà ní èbúté ni àjàkálẹ̀ náà ń bẹ́ sílẹ̀. Àká kan wà ní etí omi tí kò ní àpò tí a fi ń sẹ́ eruku; eruku sóyà ń ti ibẹ̀ fò lọ sínú ìlú. Nígbà tí a fi àpò náà sí i, àjàkálẹ̀ náà dáwọ́ dúró. Ní 1989 ni a tẹ ìwádìí wọn jáde fún gbogbo ayé.

Ta ni yóò dá òṣìṣẹ́ èbúté náà lẹ́bi? Oúnjẹ ni ó ń tú sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé hóró sóyà lè pa ẹni tí kò fi ojú kàn án rí. Irú àìmọ̀ yìí ni àwọn olùkọ́ wa ń pè ní àìmọ̀ tí kò ṣeé borí, kò sì sí ẹ̀bi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ mìíràn wà tí ó ṣeé borí, èyí tí ìbéèrè kan ṣoṣo tàbí ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè mú kúrò. Ẹ̀kẹta sì wà, èyí tí ó burú jù: àìmọ̀ tí ènìyàn yàn fúnra rẹ̀, tí ó di etí kí ó má bàa gbọ́, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá gbọ́, òun yóò ná owó.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ imú ti kọ́ wa ní ọgbọ́n. Ẹlẹ́dàá dá imú ènìyàn ní ọ̀nà àrà: ó lè gbọ́ òórùn ẹja tí ń bàjẹ́, bí ó tilẹ̀ kéré gidigidi nínú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n imú kan náà a máa tètè mọ́ra. Ẹni tí ó wọ ibi tí òórùn wà, tí ó sì dúró níbẹ̀, láìpẹ́ òórùn náà kò ní jọ ọ́ lójú mọ́. Kì í ṣe pé òórùn ti lọ. Imú ni ó ti dákẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó ń dá òórùn sílẹ̀ ni ẹni ìkẹyìn tí a lè pè láti jẹ́rìí sí i.

Ẹ fi èyí kún un. Ní ọ̀sán, oòrùn a máa mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ a sì máa gbéra sókè, a gbé òórùn lọ. Ṣùgbọ́n ní òru tí ojú ọ̀run mọ́ tí atẹ́gùn sì dákẹ́, afẹ́fẹ́ tútù a máa sùn sílẹ̀, òórùn a sì sùn pẹ̀lú rẹ̀ láàárín ilé àwọn ènìyàn títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọ̀gá tí ó ń wá sí ilé iṣẹ́ ní agogo méjìlá ọ̀sán, tí ó sì ń sùn ní àdúgbò mìíràn, lè búra pé òun kò gbọ́ òórùn kankan. Òtítọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n òtítọ́ rẹ̀ kò pé. Ìyá tí ó ti fèrèsé pa lóru nínú ooru kí ọmọ rẹ̀ lè sùn ni ìyókù òtítọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀rí ọkàn rí. Ohun tí ó ń yọ wá lẹ́nu ní ọdún kìíní, ní ọdún karùn-ún a kì í gbọ́ ọ mọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ kò lọ. Ẹ̀rí ọkàn ni ó ti mọ́ra. Ìdí nìyí tí kò fi tọ́ kí ènìyàn jẹ́ adájọ́ nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, àti ìdí tí Ọlọ́run fi fún wa ní aládùúgbò.

Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1610, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Aldred pe aládùúgbò rẹ̀ lẹ́jọ́ nítorí ilé ẹlẹ́dẹ̀ tí ó kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀. Ẹni tí a pè lẹ́jọ́ wí àwíjàre pé ènìyàn kò lè ṣe aláìsin ẹlẹ́dẹ̀, nítorí oúnjẹ ni, àti pé kò yẹ kí ènìyàn ní imú ẹlẹgẹ́ tí kò lè gba òórùn ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn adájọ́ kò gbà fún un. Wọ́n ka afẹ́fẹ́ mímọ́ mọ́ ohun tí ilé kò lè ṣe aláìní, wọ́n sì dá Aldred láre. Láti ìgbà náà títí di òní, àwíjàre ọkùnrin yìí kò tíì kúrò lẹ́nu ènìyàn: “Oúnjẹ ni mò ń ṣe, imú yín ni ó ti ṣe ẹlẹgẹ́ jù.” Ìjọba tiwa náà ti sọ̀rọ̀. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní abala 20, gbé e lé ìjọba lọ́wọ́ láti dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀.

Àwíjàre mìíràn tún wà: “Ilé iṣẹ́ ti wà níbí kí ẹ tó wá kọ́lé.” Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwọ̀n tirẹ̀, ẹni tí ó sì ń ra ilẹ̀ yẹ kí ó la ojú, kí ó sì fi imú gbọ́ òórùn ibẹ̀ kí ó tó sanwó. Ṣùgbọ́n tálákà a máa ra ilẹ̀ níbi tí owó rẹ̀ ká. Ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni ó ni ilẹ̀ tí ó rà. Ìwé ilẹ̀ rẹ̀ kò ka èémí ará àdúgbò mọ́ ọn.

Kí ni ó wá yẹ kí a ṣe? Ní ti onílé iṣẹ́, ohun tí ó rọrùn ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀: kí ó gbá èyí tí ó dà sílẹ̀ lójoojúmọ́ kí ó tó bà, kí ó má ra ẹja tí ó ti ń rà nítorí pé ó pọ́ọ́kú, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó sì bo ibi ìtú ẹrù, kí ó máa pààrọ̀ àpò tí ń sẹ́ eruku nígbà tí ó bá ya. Kí ó rántí pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni aládùúgbò rẹ̀ tí ó sún mọ́ ọn jù, nítorí eruku ọkà a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, bí ó bá sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ tí iná kàn án, a máa bú gbàmù. Ní ti òórùn, ọ̀nà wà: a lè mú kí ihò èéfín ga sí i, a sì lè darí afẹ́fẹ́ náà gba inú òkìtì igi gígé tí a mú kí ó máa rin, níbi tí àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí ti ń jẹ òórùn náà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó bi àwọn ará àdúgbò léèrè, kí ó kọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n dárúkọ sílẹ̀, kí ó sì fi wé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣe ní wákàtí náà. Bí àwọn oníṣègùn Barcelona ti ṣe nìyẹn.

Ní ti ará àdúgbò, òtítọ́ ni gbèsè tiwọn. Kí a má ṣe sọ pé òórùn wà ní ọjọ́ tí kò sí. Kí a má ṣe torí ìjà ilẹ̀ tàbí ìlara pariwo òórùn. Kí a sì rántí pé bí ilé iṣẹ́ bá kógbá sílé, ẹnìkan yóò jókòó sílé láìníṣẹ́. Àtúnṣe ni kí a máa béèrè, kì í ṣe ìparun.

Ó ku àwa yòókù, tí a kò ní ilé iṣẹ́, tí a kò sì gbé ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa ni a ń jẹ ẹyin, a sì fẹ́ kí ó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n owó tí a kò ná láti mú afẹ́fẹ́ mọ́ kò ṣègbé. Ẹnìkan ń san án. Ọmọ tí ń húkọ́ lóru ni ó ń san án fún wa, láìjẹ́ pé a bi í bóyá ó fẹ́. Nítorí náà, bí onílé iṣẹ́ kan bá fi òótọ́ inú ná owó lórí àtúnṣe, tí owó ẹyin sì fi díẹ̀ lé sí i, kí a má ṣe kùn. Ìdájọ́ òdodo ni kí a fún olúkúlùkù ní ohun tí í ṣe tirẹ̀. Kí ni ó tún jẹ́ ti ènìyàn ju èémí lọ, tí Ẹlẹ́dàá fúnra rẹ̀ mí sí ihò imú rẹ̀ ní ọjọ́ ìṣẹ̀dá?

Kí olúkúlùkù wa padà sílé lónìí, kí ó bi ará ilé àti aládùúgbò rẹ̀ léèrè ohun tí imú òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ mọ́. Bí wọ́n bá sì sọ ọ́, kí ó má ṣe bínú. Kí Ọlọ́run fún wa ní etí tí ó lè gbọ́ ọ, àti ọwọ́ tí yóò ṣe àtúnṣe. Àmín.