Ọkọ̀ Àtijọ́ Tí A Tún Ṣe: Kí Ni Olùtajà Ń Tà?

Nínú ìpolówó àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ́pọ̀ kí olùtajà sọ ohun méjì pọ̀ nípa ọkọ̀ kan ṣoṣo: pé òun ti dá a padà sí bí ó ti rí nígbà tí ó jáde ní ilé iṣẹ́, àti pé òun ti mú un sàn ju bí ó ti rí nígbà náà lọ. Ẹni tí ó bá fetí sí gbólóhùn yìí dáadáa yóò rí i pé apá kejì ń tú ohun tí apá kìn-ín-ní dì. Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni èyí: òtítọ́ wo ni ó jẹ́ ẹ̀tọ́ olùrà lọ́wọ́ irú olùtajà bẹ́ẹ̀?

Èdè Yorùbá kò kọ́kọ́ ràn wá lọ́wọ́. Àtúnṣe ni a ń pe méjèèjì. Ẹni tí ó lẹ táyà tí ó jò ṣe àtúnṣe. Ẹni tí ó yọ ẹ́ńjìnnì kúrò tí ó fi èyí tí ó lágbára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, àtúnṣe náà ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n èdè kan náà fún wa ní ẹ̀bùn kan: ọkọ̀ ni èyí tí ń rin ojú omi, ọkọ̀ náà ni èyí tí ń rin títì. Nígbà tí Plutarch kọ̀wé nípa ọkọ̀ Theseus, tí àwọn ará Áténì ń pààrọ̀ pákó rẹ̀ tí ó ti jẹrà títí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ń jiyàn bóyá ọkọ̀ kan náà ni, olùkọ́ Yorùbá kò nílò afárá kankan kí ó tó kọjá sí ọ̀rọ̀ mọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí a mú MGB, ọkọ̀ kékeré oníjòkòó méjì tí a lè ká òrùlé aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn, tí wọ́n ṣe ní ìlú Abingdon láti ọdún 1962 títí di 1980. Kò ní férémù ọ̀tọ̀ lábẹ́; ara rẹ̀ ni egungun rẹ̀. Nítorí pé kò sì ní òrùlé irin tí yóò bá a gbé ẹrù, irin abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà, ibẹ̀ gan-an ni ó sì ti máa ń dógùn-ún. Ẹni tí ó gé irin náà kúrò tí ó jó tuntun mọ́ ọn kò tíì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni yóò bá a jà sí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1988, ilé iṣẹ́ British Motor Heritage bẹ̀rẹ̀ sí ṣe odindi ara MGB tuntun. Láti ìgbà náà, ó ṣeé ṣe kí a kó ẹ́ńjìnnì, jíà àti ìjókòó sínú ara tí òjò kò pa rí, kí a sì kan nọ́ńbà àtijọ́ mọ́ ọn. Ọkọ̀ ọdún wo nìyẹn?

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi máàkì dáhùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó tún ìlànà wọn gbé yẹ̀ wò ní 2025, àjọ DVLA ń fún férémù tàbí ara ọkọ̀ ní 5, jíà ní 2, ẹ̀rọ ìdarí ní 2, ẹ́ńjìnnì ní 1 péré. Ọkọ̀ tí ó bá ní 8 lè máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ lọ. Ẹ wo bí wọ́n ti fojú kéré ẹ́ńjìnnì, tí ọ̀pọ̀ wa ìbá pè ní ọkàn ọkọ̀! Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ìjánu ni ìjọba ń wá, kò béèrè irú ẹni tí ọmọ náà jẹ́.

Ilé ẹjọ́ gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1990, ẹjọ́ kan dé iwájú Adájọ́ Otton ní London lórí ọkọ̀ Bentley tí wọ́n ń pè ní Old Number One, tí ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Le Mans ní 1929 àti 1930. Olùrà ti gbà láti san iye tí ó tó mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn, ó wá yí padà, ó ní ohun tí ó kù nínú ọkọ̀ tí ó sáré nígbà náà kò tó nǹkan. Lóòótọ́, wọ́n ti pààrọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ adájọ́ dá olùtajà láre: àyípadà ń tẹ̀ lé àyípadà, ṣùgbọ́n ìtàn ọkọ̀ náà kò já níbì kan.

Ẹni tí ó mọ ẹ̀kú egúngún kò ní rí ìdájọ́ yìí bí àjèjì. Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé, wọ́n máa ń fi aṣọ tuntun kún ti àtijọ́, títí ojú kò fi ní rí èyí tí baba ńlá dá sílẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tí yóò ní egúngún mìíràn ni. Ṣùgbọ́n ojú ẹbí ni wọ́n ti ń rán aṣọ náà mọ́ ọn, ẹbí ni ó sì ń rántí. Ọkọ̀ a máa bọ́ sọ́wọ́ àjèjì tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gé irin rẹ̀. Ìrántí tí agbo ilé ń ṣe fún ẹ̀kú, ẹnu olùtajà nìkan ni ó kù tí yóò ṣe é fún ọkọ̀.

Nítorí èyí ni n kò fi ka ìmúsànsí sí ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ títa bẹntiróòlù olójé fún gbogbogbòò dúró nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000, ẹni tí ó fi irin líle sí ibi tí fáàfù ń jókòó sí nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò yí ọkọ̀ padà. Ayé ni ó yí padà mọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó gbé jíà onípele márùn-ún sí ipò onípele mẹ́rin ń tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, ìyẹn náà kò burú. Ìdákẹ́ ni ó burú. Àwọn kan yóò ní kí olùrà la ojú rẹ̀. Ojú lè rí ibi tí wọ́n jó, bí ọ̀dà tuntun kò bá bò ó (ẹni tí ó ti ra tòkunbọ̀ rí mọ ohun tí ọ̀dà ń bò), ṣùgbọ́n kò sí ojú tí ó lè rí ọdún 30 tí ó ti kọjá. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń ya àwòrán ọkọ̀ nígbà tí ó ṣì wà ní ìhòòhò, tí wọ́n sì ń kó jíà àtijọ́ tí wọ́n yọ sínú àpótí, kí wọ́n lè fà á lé olùrà lọ́wọ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Ó ṣeé ṣe kí olùrà náà má ṣí àpótí yẹn láé.