Ẹ GBÉ WÀLÁÀ FÚN SAKARÁYÀ

Ẹ̀kọ́ kíkà: Lúùkù 1:5–25 àti 57–64



Ẹ wo ilé Sakaráyà. Àlùfáà ni, bàbá ilé ni, ṣùgbọ́n ó ti ya odi. Ní ọjọ́ kẹjọ tí a bí ọmọ rẹ̀, aládùúgbò àti ìbátan péjọ, wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ. Ta ni ó bi bàbá ọmọ? Kò sí! Ìgbà tí Èlísábẹ́tì kọ̀ fún wọn ni wọ́n tó rántí rẹ̀. Ó béèrè wàláà, ó kọ orúkọ Jòhánù sí i, lójú kan náà ẹnu rẹ̀ là.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwa ní Àjàṣẹ́. Àrùn ẹ̀gbà kọlu ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ ọ̀tún wọn rọ, ọ̀rọ̀ sì lọ lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ pe omi, nǹkan mìíràn ni wọn yóò pè. Nígbà tó yá, ẹnu ọ̀nà la ti ń kí wọn. A ń sọ ọ̀rọ̀ wọn lójú wọn bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdána ọmọ wọn, èmi ni mo parí rẹ̀, n kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ náà mo rí omijé lójú wọn. Ẹ̀yin ará, èmi alàgbà ni mo jẹ̀bi.

Dókítà ṣàlàyé fún wa pé bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá kan ọpọlọ, pàápàá apá òsì, ọ̀rọ̀ lè há síni lẹ́nu. Kì í ṣe pé ọgbọ́n tán. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ló fà á. Áńgẹ́lì ló sọ ti Sakaráyà; áńgẹ́lì wo ló sọ ti arákùnrin rẹ fún ọ?

A tan àbẹ́là, a gbàdúrà, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: wàláà ni ó kọ́kọ́ dé ọwọ́ Sakaráyà kí ẹnu rẹ̀ tó là. Ọlọ́run ló la ẹnu. Ènìyàn ló gbé wàláà wá.

Bí aláìsàn rẹ kò bá lè kọ̀wé, jókòó tì í. Bi í ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, èyí tó lè mi orí sí. Fi nǹkan hàn án. Dúró dè é, má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn baba wa ní ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ ọdún 8 kan nínú ilé wa ló kọ́kọ́ bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀kọ lẹ fẹ́ ni, àbí iṣu?" Wọ́n mi orí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Kí ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ tó dé, lọ bi ẹni tó dákẹ́ nínú ilé rẹ ní ọ̀rọ̀ ilé. Kí Olúwa la ojú wa, kí ó sì la ẹnu wọn. Àmín.