Ka Owó, Ka Ìwé, Ka Ènìyàn Sí

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ mọ ewì ló fẹ́ sọ̀rọ̀ owó lónìí. Ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn mi láti ìgbà ìsinmi tó kọjá, kò sì jẹ́ kí n gbádùn. Òun náà rèé: bí ìṣirò bá ní olè ni ẹnì kan, ṣé ó yẹ ká gbà á gbọ́ ká tó bi onítọ̀hún léèrè? Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ ara mi.

Ilé àǹtí mi ní Bọ́ládé, l'Óṣòdì, ni mo ti lo ìsinmi náà. Ẹni tó bá mọ Bọ́ládé mọ̀ pé ariwo ibẹ̀ kì í sùn. Ojú irin ń bẹ lápá kan, títì Agége Motor Road lápá kejì, kọ̀ndọ́kítọ̀ ń pariwo "Bọ́ládé wà o?" láti àárọ̀ títí di òru. Lókè pẹtẹ́ẹ̀sì kan níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ Accounting ní ohun tí wọ́n ń pè ní data analytics. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ "dátà", mo rò pé dátà tí à ń rà sórí fóònù ni! Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Àṣé dátà tiwọn ni gbogbo ohun tó wà ní àkọsílẹ̀: iye tí wọ́n san, ọjọ́ tí wọ́n san án, ẹni tó san án, ẹni tó gbà á. Wọn a kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọn a tò ó, wọn a pín in sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọn a fi ọ̀kan wé èkejì, títí ohun tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ yóò fi yọjú. Ọ́dítọ̀ ayé àtijọ́ máa ń ṣa rìsíìtì díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ yẹ̀ wò ni. Kọ̀ǹpútà lè yẹ gbogbo wọn wò lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bá forúkọ sílẹ̀. Ewì dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewì nìkan kọ́ là ń jẹ sùn.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn kan tó wọ̀ mí lára. Ní 1881, Simon Newcomb, onímọ̀ ìràwọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé àwọn ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀ inú ìwé lọgarídímù dọ̀tí ju ti ẹ̀yìn lọ. Ìyẹn ni pé nọ́ńbà tó fi 1 bẹ̀rẹ̀ làwọn ènìyàn ń wá jù. Ní 1938, Frank Benford kó nọ́ńbà tó lé ní 20,000 jọ, ti odò ńbẹ níbẹ̀, ti iye ènìyàn inú ìlú ńbẹ níbẹ̀, ó sì rí ohun kan náà. Nínú ọgọ́rùn-ún nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, bí ọgbọ̀n ló máa ń fi 1 bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń fi 9 bẹ̀rẹ̀ kì í tó márùn-ún. Láàrin ọdún 1990 sí 1999 ni Mark Nigrini wá fi han àwọn oníṣirò owó bí wọ́n ṣe lè lò ó. Ẹni tó bá ń hùmọ̀ iye owó láti orí ara rẹ̀ kì í sábà mọ̀ pé nọ́ńbà ní ìlànà tó ń tẹ̀lé, irọ́ rẹ̀ á sì hàn.

Ẹ ò rí i bó ṣe dùn tó! Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Mo ní àṣé irọ́ ní ojú, àṣé ènìyàn lè rí i. Ohun tó kù ni kí n rí ìwé owó kan tí màá fi dánra wò.

Bàbá alájọ ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yin náà mọ àjọ. Káàdì tó ní ojúlé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ẹni tó bá ń dá 500 náírà lójúmọ́, bó bá fi ọgbọ̀n ọjọ́ dá a, owó rẹ̀ á di 15,000. Alájọ á yọ ti ọjọ́ kan, onílé owó á gba 14,500. Iṣẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé ni. Ẹni tí gbogbo wa mọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí ni Alájọ Ṣómólú, Alphaeus Táíwò Olúnáìkè, tó dolóògbé ní 2012. Wọ́n ní ó ta mọ́tò rẹ̀, ó fi ra kẹ̀kẹ́, nítorí kẹ̀kẹ́ ló ń ráyè wọ àdúgbò. Títí di òní, bí orí ọmọ bá pé, wọ́n á ní orí ẹ̀ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú, tó gba àjọ ọdún mẹ́ta láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó san. Bàbá alájọ tiwa ní Bọ́ládé ń kọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní tiẹ̀. Ìwé ńlá kan ló ń gbé kiri lábẹ́ abíyá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ ya ìwé yín, kí n fi kọ́ṣẹ́." Bàbá wò mí lójú, ó ní, "Ọmọ mi, orúkọ àwọn ènìyàn ló wà níbẹ̀ o. Má jẹ̀ẹ́ kó bọ́." Ó kó o lé mi lọ́wọ́.

Ènìyàn 84 ló wà nínú ìwé náà. Mo tẹ gbogbo wọn sínú kọ̀ǹpútà, mo yẹ nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ wò. Ha! Àwọn tí owó ojúmọ́ wọn fi 5 bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 37. Èyí tó fi 2 bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 26. Èyí tó fi 1 bẹ̀rẹ̀, tó yẹ kó pọ̀ jù, jẹ́ 21 péré. Kò sí 3, kò sí 4, láti 6 títí dé 9 kò sí ẹyọ kan. Kọ̀ǹpútà kùn ún ní pupa fòò. Àyà mi já. Mo sáré wọlé, mo ní, "Àǹtí, nǹkan kan wà nínú ìwé Bàbá alájọ o. Nọ́ńbà rẹ̀ ò rí bó ṣe yẹ kó rí."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Àǹtí mi sọ fún ìyá elélùbọ́, ó ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá elélùbọ́ sọ fún ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tó fi máa di aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin bí ogún ti dúró sẹ́nu ọ̀nà Bàbá, káàdì lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbowó àwọn. Ẹ má bú wọn. Ta ni kò mọ ẹni tí alájọ gbé owó rẹ̀ sá lọ rí? Owó ilé ìwé ọmọ ni, owó ilé ni, owó ọjà ọ̀la ni.

Bàbá san owó wọn. Ó san án títí tó fi lọ yá kún un. Nígbà tí wọ́n lọ tán ló ránṣẹ́ pè mí. Kò pariwo, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní kí n ṣàlàyé ohun tí ẹ̀rọ sọ. Mo ṣàlàyé Newcomb, mo ṣàlàyé Benford, ohùn mi ń gbọ̀n. Ó gbọ́ ọ tán, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ owó sórí tábìlì: 200, 500, 1000. Ó ní, "Ọmọ mi, owó wo ni o fẹ́ kí wọ́n fún mi? Ṣé ìyá aláta á sọ pé òun fẹ́ máa dá 340 náírà ni, kí n máa wá ṣéńjì kiri Bọ́ládé? Iye tí bébà owó jẹ́ ni wọ́n ń dá. Ṣé ẹ̀rọ yẹn bi mí ni?"

Ojú tì mí. Òótọ́ ni. Ìlànà Benford kò wà fún iye tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yàn, bí iye owó àjọ, tàbí iye tí kò kúrò lójú kan. Ó wà fún nọ́ńbà tó ti ibi púpọ̀ wá, tó tóbi tó sì kéré, tí ẹnikẹ́ni kò jókòó yàn. Wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì. Èmi ni mi ò dúró gbọ́. Kọ̀ǹpútà ò purọ́. Ó sọ fún mi pé nọ́ńbà yìí kò jọ ti Benford, òótọ́ sì ni. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ di "olè".

Mo ti rò ó títí. Àwọn àgbà ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, mi ò mọ̀ pé ó kan kọ̀ǹpútà. Ìṣirò, bó ti wù kó pé tó, ẹjọ́ ẹnì kan ni. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé kò tíì sọ tirẹ̀.

Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ Bọ́ládé nìkan ni, ẹ wo Ìlú Ọba. Ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wọn gbé ẹ̀rọ ìṣirò owó kan tí wọ́n ń pè ní Horizon wọlé, ilé iṣẹ́ Fujitsu ló ń bójú tó o. Ẹ̀rọ náà ń sọ pé owó kò pé lọ́wọ́ àwọn tó ń mójú tó ẹ̀ka kéékèèké. Àwọn yẹn ń bura pé àwọn ò jí i, wọn ò gbà wọ́n gbọ́. Láàrin 1999 sí 2015, ó lé ní 900 ènìyàn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Àwọn kan lọ sẹ́wọ̀n, àwọn kan kú kí ìdáláre tó dé. Ní 2019 ni adájọ́ sọ ọ́ gbangba pé àbùkù wà lára ẹ̀rọ náà, ó sì di 2024 kí ilé aṣòfin wọn tó ṣe òfin tó pa ẹ̀bi àwọn ènìyàn náà rẹ́. Ogún ọdún! Ẹ̀rọ ló sọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn ní ó parí.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró o. Ẹnì kan nínú yín á ti máa sọ pé: "Tóò, ṣé ká wá ju kọ̀ǹpútà nù, ká máa wo ojú olè?" Rárá. Ìyẹn náà ò dáa. Ní oṣù kejì ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ wa kéde pé àwọn ti yọ orúkọ tó lé ní 23,000 kúrò nínú ìwé owó oṣù, ayédèrú òṣìṣẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní ghost worker. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Wọ́n fi ìwé owó oṣù wé BVN ni. Orúkọ tí kò bá nọ́ńbà báńkì rẹ̀ mu, tàbí owó oṣù méjì tó ń lọ sápò ẹnì kan, ó hàn. Ta ló fẹ́ fi ojú lásán rí i láàrin ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn? Owó tí à bá fi ṣe ilé ìwòsàn ni olè ń gbé lọ. Ẹni tó bá rí i tó dákẹ́, òun àti olè ni.

Síbẹ̀, ìlànà owó oṣù IPPIS yìí kan náà ni wọ́n gbé wá sí yunifásítì ní 2020, ẹgbẹ́ ASUU sì kígbe pé àwọn olùkọ́ kan wà tí kò rí owó oṣù wọn gbà. Àwọn wọ̀nyẹn kì í ṣe iwin. A mọ̀ wọ́n, àwọn ló ń kọ́ wa. Ẹ̀rọ kan náà ló ń rí iwin, tí ènìyàn ẹlẹ́ran ara sì lè bọ́ lójú rẹ̀. Ohun tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kò sí nínú ẹ̀rọ. Ó wà lọ́wọ́ ẹni tó máa dìde láti lọ bi wọ́n.

Bí mo ti ń kọ́ Yorùbá ni mo wá rí ohun kan tó ti wà lẹ́nu mi látọjọ́ yìí. A máa ń ka owó. A máa ń ka ìwé. A sì máa ń ka ènìyàn sí. Ọ̀rọ̀ kan náà, kà, ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ka owó Bàbá, mo kà á pé. Mi ò ka ìwé rẹ̀ dáadáa, nítorí ká ní mo kà á ni, mi ò bá rí i pé iye bébà náírà ló wà níbẹ̀. Èyí tó burú jù, mi ò ka Bàbá sí. Ó kó ìwé lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kó bọ́, ẹlòmíràn ni mo kọ́kọ́ lọ bá.

Nítorí náà, ìdáhùn tèmi rèé, ẹni tó bá ní tirẹ̀ kó kọ ọ́ wá fún ìwé wa tó ń bọ̀. Ìṣirò lè sọ ibi tó yẹ ká ti béèrè, kò lè dáhùn fún wa. Ẹni tó bá rí ohun tó rú u lójú kò gbọdọ̀ dákẹ́, kò sì gbọdọ̀ kéde. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni kó kọ́kọ́ lọ. Bí onítọ̀hún bá wá dáhùn tí ìdáhùn rẹ̀ kò bá ìwé mu, ìgbà yẹn la tó lè máa wá ẹlẹ́rìí.

Mo padà lọ, mo tún ìwé náà yẹ̀ wò, pẹ̀lú Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A rí àṣìṣe kan. Ọjọ́ méjì tí ìyá kan san, tí wọ́n fàmì sí lórí káàdì rẹ̀, kò dénú ìwé ńlá. Ẹgbẹ̀rún náírà ni. Bàbá gbé e fún un lójú ẹsẹ̀, ó sì kí mi kú iṣẹ́. Ẹ rí i pé ẹ̀rọ náà wúlò, nígbà tí ẹni tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ jókòó tì í.

Mo lọ bẹ àwọn obìnrin ogún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi àti àǹtí mi. Púpọ̀ nínú wọn padà sídìí àjọ. Àwọn mẹ́ta kò padà títí tí mo fi wọ mọ́tò wá síléèwé. Bàbá ṣì ń dá mi lóhùn bí mo bá kí i. Ṣùgbọ́n ìwé ńlá yẹn, abẹ́ abíyá rẹ̀ ló wà. Kò tún yá mi mọ́, èmi náà ò sì ní ẹnu láti béèrè.