Ihò Bóòtì Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ní Rí

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bí ìrì bá lè wó ilé, kí ni ká wá sọ nípa ọkọ̀ tí a fi àbùlẹ̀ tún ṣe, tí a sì gbé bọ́ sí agbami? Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ra ògbólógbòó ọkọ̀ onígbòkun ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Wọ́n á ra ọkọ̀ fáíbà tó ti lo ogójì tàbí àádọ́ta ọdún láyé, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á kó ìgbòkun tuntun àti oúnjẹ ọ̀pọ̀ oṣù sínú rẹ̀, wọ́n á sì fi la òkun Àtìláńtíìkì kọjá. Àwọn mìíràn nínú wọn a máa fi yí ayé po. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ìyàtọ̀ tó wà láàárín iṣẹ́ àṣepé àti iṣẹ́ àṣehàn ti ń tètè hàn báyìí kò pọ̀.

Ní ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ Pearson ní ìlú Bristol, ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà, pàtẹ ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Triton. Carl Alberg ló ya àwòrán rẹ̀, gígùn rẹ̀ sì fi díẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà 28. Kó tó dìgbà yẹn, igi ni wọ́n fi ń kan èyí tó pọ̀ jù nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Fáíbà ní tirẹ̀ kì í jẹrà bí igi, kì í dógùn-ún bí irin, kòkòrò inú òkun tó ń lu pákó kò sì rí i jẹ. Bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà ṣe pẹ́ láyé ju àwọn tó kọ́kọ́ rà wọ́n lọ nìyẹn. Èyí ló fà á tí wọ́n fi ń tà wọ́n ní owó pọ́ọ́kú ní èbúté Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ pé nígbà mìíràn ẹni tó ni ilẹ̀ tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà jókòó sí á ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ wá gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ ni yóò ròyìn. Owó tí àtúnṣe yóò gbà lè jẹ́ ìlọ́po mélòó kan owó tí ọkọ̀ náà tó lọ́jà.

Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọkọ̀ méjì lè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní èbúté, kí méjèèjì máa dán gbinrin, kí ọ̀kan sì ti jẹrà tán nínú. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ògbólógbòó ọkọ̀ wọ̀nyí jẹ́ fáíbà pọ́ńbélé tó nípọn dáadáa, ṣùgbọ́n òkè ọkọ̀, ibi tí atukọ̀ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, jẹ́ fáíbà pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n fi igi balsa sí láàárín. Balsa fúyẹ́ púpọ̀, ó sì ń jẹ́ kí òkè ọkọ̀ le láìwúwo. Àmọ́ kò sí irin ìdìmú, kò sí ibi tí wọ́n ń so okùn mọ́, tí wọn kò lu ihò bóòtì fún níbẹ̀. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, àtè tí wọ́n fi dí ihò náà á gan, á là. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Òkè ọkọ̀ ti lanu báyìí, omi sì ti rí ọ̀nà. Ẹ̀kán kan lónìí, ẹ̀kán kan lọ́la, títí balsa yóò fi di ẹrẹ̀ tó ń rùn láàárín fáíbà méjì tó ṣì ń dán.

Ẹni tó bá mọṣẹ́ kì í gba ojú gbọ́ níbẹ̀ yẹn. Á kúnlẹ̀, á mú òòlù oníke kékeré, á sì máa kan òkè ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tó ṣì le á dún kó, kó, kó. Tí òòlù bá dé ibi tí omi ti wọ̀, ohùn á yí padà, á dún bọ̀ọ̀, bọ̀ọ̀, á sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí ibẹ̀ ká. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń fi ọkàn gbàdúrà pé kí ìlà náà má fẹ̀ jù. Níbi tó bá fẹ̀, kò sí ọgbọ́n mìíràn ju kí wọ́n gé fáíbà òkè kúrò, kí wọ́n ha igi jíjẹrà náà jáde, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n fi gúlúù kan tí wọ́n ń pè ní epoxy lẹ balsa tuntun mọ́ ibẹ̀, kí wọ́n tó wá da fáíbà bò ó. Wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kí etí ibi tí wọ́n gé dúró ṣánṣán. Gíráńdà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ lẹ́nu kó lè da gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀: bí fáíbà náà bá nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì, ìdagẹ̀rẹ̀ náà á gùn tó ínǹṣì mẹ́ta, ìyẹn ìlọ́po 12. Ibi tí tuntun ti gba ògbólógbòó mú nìyẹn. Ẹni tó bá ge ìdagẹ̀rẹ̀ náà kúrú nítorí pé eruku fáíbà ń yún un lára, òun náà mọ ohun tó ṣe.

Lẹ́yìn èyí ló wá kan ihò bóòtì, níbi tí mo ti rò pé a lè mọ irú ẹni tí oníṣẹ́ jẹ́. Ọ̀nà ìrọ̀rùn wà: fún àtè sínú ihò, ki bóòtì bọ̀ ọ́, fi sípánà dè é, ó parí. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Oníṣẹ́ àṣepé á kọ́kọ́ lu ihò náà kó tóbi ju bóòtì lọ dáadáa, á wa igi tó wà ní etí rẹ̀ kúrò díẹ̀, á lẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ pa, á wá da epoxy tó pò ki kún inú rẹ̀. Á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ó bá ti gan, á tún mú dírìlì, á lu ihò tuntun gba àárín epoxy náà kọjá, kí bóòtì má baà fara kan igi rárá. Á gbẹ́ etí òkè ihò náà díẹ̀, kí àtè lè rí ibi jókòó yípo ọrùn bóòtì. Bí àtè náà bá wá là lọ́jọ́ kan, omi á kàn kán sórí bẹ́ẹ̀dì ẹni tó ń sùn nínú ọkọ̀ ni, á jí, á sì mọ̀ pé iṣẹ́ wà nílẹ̀. Igi kò ní mu ún. Irú ihò báyìí lè lé ní ọgọ́rùn-ún lára ọkọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n á sì fi irin bò ó, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí èyí tí wọ́n ṣe dáadáa àti èyí tí wọ́n fi ṣe gbà-jẹ́-n-sinmi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́lé rí nílẹ̀ wa, ẹ mọ gbólóhùn tí mò ń sọ: "Alàgbà, ta ló fẹ́ débẹ̀ wò?" Ẹ mọ páìpù tí wọ́n fi bébà dì lẹ́nu, tí wọ́n sì rẹ́ ògiri bò. Àwa tó ń bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ náà ń bá wọn dá sí i, nítorí pé táìsì ni a máa ń lọ yẹ̀ wò, kì í ṣe páìpù. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Irin pàápàá ń tan ènìyàn jẹ. Irin tí wọ́n fi so wáyà òpó ìgbòkun mọ́ ara ọkọ̀ jẹ́ irú èyí tí a gbà pé kì í dógùn-ún. Atẹ́gùn ló ń dáàbò bò ó. Níbi tó bá ti rì sínú fáíbà tútù tí atẹ́gùn kò sí, ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹ, tí yóò máa sán, tí èyí tó wà níta á ṣì máa tàn yanran. Àfi kí wọ́n fà á yọ pátápátá kí wọ́n tó lè mọ̀. Wáyà náà ń gbó: ọ̀pọ̀ atukọ̀ tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn á pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, bí kò tilẹ̀ tíì já. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì mí gbọ́. Iṣẹ́ àṣepé kọ́ ni kí ènìyàn máa ṣe gbogbo nǹkan títí ayé. Ní èbúté kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ọkọ̀ tí olówó rẹ̀ ti ń fi sáńpépà ha láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú. Ó ti kun inú rẹ̀ lọ́dà nígbà mẹ́rin, ó ti ra ẹ̀rọ amúǹkan-tutù, ó ti ra sólà, ó ti ra bátìrì, kò sì tíì fi ojú kan agbami. Bí a bá fi ọdún mẹ́ta pilẹ̀ṣẹ̀ wèrè, ọjọ́ wo la ó bunijẹ? James Baldwin, atukọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà mìíràn. Triton tirẹ̀, tó ń jẹ́ Atom, ló fi yí ayé po lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yọ ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ sọnù. Ohun tí kò sí lára ọkọ̀ kò lè bàjẹ́ láàárín òkun. Èyí náà gba ọgbọ́n: kí ènìyàn mọ ohun tó lè pa á, kó ṣe ìyẹn dópin, kó sì ní ìgboyà láti fi ìyókù sílẹ̀.

Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Bí ẹ bá fẹ́ rí i bí òkun ṣe ń yẹ iṣẹ́ wò, ẹ wo ìdíje Golden Globe Race. Láti Les Sables-d'Olonne ní ilẹ̀ Faransé ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń dá gbéra, tí yóò yí ayé po láìdúró, láìlo GPS, oòrùn àti ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀nà. Òfin ìdíje náà ni pé ọkọ̀ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀ kó tó di ọdún 1988, tí gígùn rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 36 lọ. Ìdíje àwọn arúgbó ọkọ̀ ni. Ní 2018, márùn-ún péré ló parí rẹ̀. Jean-Luc Van Den Heede ọmọ Faransé ló gbégbá orókè, ẹni ọdún 73. Kó tó gbéra ló ti gé òpó ọkọ̀ rẹ̀ kúrú, kó má baà wúwo lókè. Síbẹ̀ ìgbì òkun Pàsífíìkì bì í ṣubú ní oṣù Kọkànlá, bóòtì tó so wáyà mọ́ òpó sì fa ara òpó ya. Òun fúnra rẹ̀ ló gun òpó náà lórí omi lọ tún un ṣe. Ẹni tó dé gbẹ̀yìn, Tapio Lehtinen ọmọ Finland, lo ọjọ́ 322. Ìgbì kọ́ ló dá a dúró. Ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́, tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké oníkarahun lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ náà ṣìkìtì, tí ọkọ̀ kò sì lè sáré mọ́.

Ní 2022, Lehtinen tún padà wá. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kọkànlá, omi ya wọ ọkọ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì rì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú òkun tó wà níhà gúúsù Áfíríkà. Rọ́bà ìgbàlà ló bọ́ sí. Kirsten Neuschäfer, obìnrin ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ló yí ọkọ̀ tirẹ̀ padà, tó fi ọwọ́ tọ́ ọ ní gbogbo òru títí tó fi bá a, tó sì fà á lé ọkọ̀ akẹ́rù lọ́wọ́. Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ọkọ̀ Neuschäfer, Minnehaha, jẹ́ Cape George 36 tó ti pẹ́ láyé. Prince Edward Island ní Kánádà ló ti tún un ṣe láti òkè délẹ̀, ó sì wà á láti Kánádà dé Gúúsù Áfíríkà, ó tún wà á lọ sí ilẹ̀ Faransé, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Òkun ti kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kí aráyé tó wá wò ó. Ẹni tí ọkọ̀ ń jò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè ronú ẹlòmíràn lóru ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Nínú ìdíje kan náà, Simon Curwen ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣáájú gbogbo wọn, títí ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń darí, tó ń bá a tọ́ ọkọ̀, fi dá kí ó tó dé Cape Horn ní ìpẹ̀kun Gúúsù Amẹ́ríkà. Mi ò sọ pé kò múra o. Àgbà atukọ̀ ni, òkun sì lè fọ́ ohun tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n kò ṣeé tún ṣe lórí omi, ó sì ní láti yà sí Chile. Lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹrin 2023, òun ló kọ́kọ́ wọ Les Sables-d'Olonne. Nítorí pé ó ti dúró lọ́nà, wọn kò kà á mọ́ àwọn tó ń du ipò kìn-ín-ní. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni Neuschäfer wọlé, lẹ́yìn ọjọ́ 235 lórí omi, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje àdálọ yí ayé po láìdúró.