Kẹ̀kẹ́ Wo Lò Ń Sọ?

Sọ pé "kẹ̀kẹ́" fún ọmọ Ajégúnlẹ̀ lónìí, Márúwá ló máa wá sí i lọ́kàn: ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gba orúkọ lára Buba Marwa, tó ṣe gómìnà ológun l'Ékòó láti 1996 sí 1999. Kẹ̀kẹ́ tí àwọn bàbá wa ń gùn ti wá di "ológeere", bí àlejò nínú ilé ara rẹ̀.

Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn? Ní oṣù Kẹfà 2022, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní Àpápá. Òfin yẹn ò kan ológeere. Síbẹ̀, ẹni tó ń gùn ún láàárín àwọn tírélà mọ̀ pé ọ̀nà ò ka òun sí.

Kò burú kí èdè yí padà. Àmọ́ ẹni tí orúkọ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọ̀nà náà tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.