Bóòtù Tó Gé Kò Bàjẹ́

Lórí àwọn ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́lé sí láti Ajah lọ sí apá Ìbẹjú, ẹ̀kan àti èèsún kì í jẹ́ kí ojú ríran dé ilẹ̀. Kùkùté àgbọn lè wà lábẹ́ wọn, ó lè jẹ́ òpó kọnkéré tí wọ́n fi pààlà, ó lè jẹ́ rímù ọkọ̀ tí ẹnìkan jù síbẹ̀ tó sì gbàgbé. Sílàṣà, ẹ̀rọ ìgékoríko tí katakata ń fà, kò lójú tó fi lè mọ̀. Ọ̀pá PTO tó ń gbé agbára wá láti ẹ̀yìn katakata ń yí ní ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan, abẹ sì ń yí fìrìfìrì lábẹ́ irin. Bí abẹ bá pàdé kùkùté, agbára tó ń bọ̀ láti inú ẹ́ńjìnì kò mọ̀ pé ọ̀nà ti dí. Yóò máa bọ̀ ni, ohun kan sì gbọ́dọ̀ fara gbá a. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti yan ohun náà kí ẹ̀rọ tó kúrò lọ́wọ́ wọn: bóòtù kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, tó so ọ̀pá mọ́ gíábọ́ọ̀sì sílàṣà. Ṣíà bóòtù ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Òun ni yóò gé. Ọ̀pá á máa yí lásán, abẹ á dúró, eyín gíà á sì wà lódindi. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ yìí jẹun mọ gbogbo èyí, síbẹ̀ tí bóòtù bá gé, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́” ló máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, tàbí kó ní ẹnìkan ló ń ṣe òun. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Nígbà tí bóòtù bá gé, ṣé ibi ló dé ni, àbí ibi ló yẹ̀? Èrò tèmi ni pé ibi ló yẹ̀, àti pé ẹni tó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ohunkóhun má gé láyé òun mọ́ kò mọ ohun tó ń tọrọ. Ṣùgbọ́n ààbò bẹ́ẹ̀ ní òfin méjì tó le: ohun tí a bá fi dípò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a lè rí òmíràn rà, ẹni tí ààbò náà sì wà fún ni kó san owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bóòtù náà dáadáa ná. Ní ọjà Ládípọ̀ tàbí ní Òwòdé Onírin, bóòtù méjì lè dọ́gba délẹ̀ ní gígùn àti ní sísanra, kí agbára wọn má sì sún mọ́ra rárá. Nọ́ńbà tó wà lórí wọn ló ń tú àṣírí: 4.6, 8.8, 10.9. Tí ẹ bá fi ọgọ́rùn-ún sọ nọ́ńbà iwájú di púpọ̀, ẹ ti rí agbára tí irin náà lè fara dà kí wọ́n tó fà á já, ní ìwọ̀n tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní megapascal: 400, 800, 1,000. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá máa ń sọ èyí tó yẹ ẹ̀rọ náà, kò sì sọ ọ́ nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ràn bóòtù olówó pọ́ọ́kú. Ẹni tí tirẹ̀ bá gé lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ kan á bínú, á sì lọ ra èyí tó le jù níbẹ̀. Lóòótọ́, ìyẹn ò ní gé mọ́. Ṣùgbọ́n kùkùté ò kúrò nílẹ̀, agbára ẹ́ńjìnì ò dín kù. Ibi tí àdánù yóò gbà wọlé nìkan ló yí padà: eyín gíà á ká, ọ̀pá á lọ́, bí àwọn wọ̀nyẹn bá sì tún lágbára jù, ó di inú katakata fúnra rẹ̀. Bóòtù tí wọ́n ń rà lówó táṣẹ́rẹ́ ti wá di gíábọ́ọ̀sì tí ènìyàn ń yáwó rà.

Ìpẹtà tún lè ba ààbò yìí jẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń fẹ́ wá láti òkun Lekki kì í sì í fi irin lọ́rùn sílẹ̀. Àwo irin méjì ni bóòtù náà dì pọ̀. Bó bá ti gé, ó yẹ kí ọ̀kan máa yí kí èkejì dúró. Bí ìpẹtà bá ti lẹ̀ wọ́n mọ́ra, bóòtù á gé tán, ọ̀pá á ṣì máa wọ́ abẹ lọ, gíábọ́ọ̀sì á sì jìyà náà lódindi. Ìdí nìyí tí ọ̀gá tó mọṣẹ́, lẹ́yìn tó bá ti pa ẹ́ńjìnì, tó yọ kọ́kọ́rọ́, tó fi hámà àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ ti àjákù jáde nínú ihò, kì í sáré ki bóòtù tuntun bọ̀ ọ́. Á kọ́kọ́ fọwọ́ yí ọ̀kan nínú àwo méjèèjì. Tó bá ń yí wọ́ọ́rọ́, á fún un ní gíríìsì, á mú ihò kojú ihò, á wá fi sípánà dì í. Tí kò bá yí, bóòtù tuntun tí ẹ bá fi síbẹ̀, ẹ kàn fi tan ara yín ni.

Àwọn Yorùbá ti mọ ìlànà yìí kí katakata tó dé. Nínú ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n J. Omosade Awolalu kọ lórí ìgbàgbọ́ àti ẹbọ Yorùbá ní 1979, ó ya oríṣi ẹbọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, méjì nínú wọn sì kan ọ̀rọ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀kan ni ẹbọ ojúkòríbi, èyí tí à ń rú kí ibi tó dé. Èkejì ni ẹbọ ayẹ̀pínùn, nínú èyí tí ohun kan ti ń bọ́ sí ipò ènìyàn láti gba ohun tí ìbá dé bá a. Ẹni tó fi ajá bọ Ògún kí ó tó gbé ọkọ̀ sọ́nà kò sọ pé irin ò ní í ṣe ohun tí irin ń ṣe. Ohun tó ń sọ ni pé bí yóò bá ṣe é, ara ajá ni kó ti ṣe é. Àwọn Mùsùlùmí ń pa àgbò nígbà Iléyá ní ìrántí èyí tó dípò ọmọ Ànábì Ibrahim. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì gbé gbogbo ìgbàlà wọn ka orí ẹnìkan tó kú dípò àwọn ẹlòmíràn. Ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní Ajah gbà pé bí ewu bá ń bọ̀, ọgbọ́n kì í ṣe pé kí gbogbo nǹkan le, bí kò ṣe pé kí ohun kan bọ́ sí ipò òmíràn. Àdúrà tí a wá ń gbà lóde òní ló ṣàjèjì, àdúrà à-kò-ní-pàdánù, bí ẹni pé tí adúrú owó kan bá jáde lápò ẹni, Ọlọ́run ti sùn lọ.

Ẹlòmíràn á ní mo ń fi ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ṣeré, nítorí ẹbọ ní ẹni tí a ń gbé e fún, bóòtù ò sì ní. Òótọ́ ni pé kùkùté kì í gbẹ́bọ, ẹ́ńjìnì kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ yìí gan-an ló ń là wá lójú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹbọ jẹ́ rìbá tí à ń fún alágbára kó lè gbójú kúrò lára ẹni. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó bá lówó jù ni yóò là, Ọlọ́run á sì dà bí agbófinró tó dúró sí oríta. Bóòtù fi ohun mìíràn hàn: àdánù kékeré lè gbani lọ́wọ́ àdánù ńlá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gba rìbá, kìkì nítorí pé a ti fi ààlà sí ibi tí ìjàǹbá lè dé. Mo gbà pé èyí sún mọ́ ohun tí àwọn àgbà ní lọ́kàn ju rìbá lọ.

Àtakò tó ń ti ọ̀dọ̀ onígbàgbọ́ nínú àyànmọ́ wá tún le díẹ̀. Bí orí bá ti yan pé gíábọ́ọ̀sì yìí yóò fọ́ lónìí, kí ni bóòtù fẹ́ ṣe? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ẹbọ ayẹ̀pínùn fúnra rẹ̀: ìpín ṣeé yẹ̀. Bí kò bá ṣeé yẹ̀, a kì bá tí máa dífá rárá, ẹni tó ń wa katakata pàápàá kì bá tí máa wo iwájú. Àní ẹni tó sọ pé kádàrá ni ohun gbogbo kì í fi ọwọ́ kan abẹ sílàṣà nígbà tí PTO bá ń yí.

Àtakò kẹta ni kò jẹ́ kí n sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó bá dára kí ohun kékeré gé kí ohun ńlá má fọ́, kí ló fẹ́ dá alágbára dúró tó bá ní àwọn ènìyàn kan kéré, kí wọ́n gé nítorí ìlú? Kayafa, olórí àlùfáà, sọ bẹ́ẹ̀ nínú Ìhìnrere Jòhánù: ó ní ó sàn kí ẹnìkan kú ju kí orílẹ̀-èdè ṣègbé. Kò sì dìgbà tí ẹ bá jìnnà sí Lekki kí ẹ tó rí irú rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Gómìnà Raji Rasaki fi katakata ńlá wó Maroko, ní ẹnu ọ̀nà Lekki gan-an. Ìjọba ní ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, omi yóò bò ó, ó yẹ kí wọ́n fi yanrìn kún un. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ní àwọn tí wọ́n lé jáde tó 300,000. Wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí ilé tí kò tíì parí ní Ìlasan àti Ìkota, ọ̀pọ̀ sì tú ká. Ilẹ̀ tí wọ́n ní omi yóò gbé yìí kan náà ló wá di ti àwọn ọlọ́rọ̀. Àwọn àgbà ti rí irú èyí tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ pé orí yéye ní Mògún, ìpín àìṣẹ̀ ló pọ̀.

Òfin àkọ́kọ́ ló dáhùn èyí: ohun tó ya bóòtù sọ́tọ̀ sí àwọn ará Maroko kò ju pé bóòtù ní ẹlẹgbẹ́ lọ. Èyí tó gé àti èyí tí ẹ óò ra lọ́la, bí nọ́ńbà orí wọn bá ti jẹ́ ọ̀kan náà, ohun kan náà ni wọ́n, ìdí sì nìyí tí kò fi sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ọ̀kan gé. Ènìyàn kò ní ẹlẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n wó ilé rẹ̀ kò ṣeé lọ rà ní Òwòdé Onírin. Ẹlòmíràn á bi mí nípa Mọ́remí, tí ìtàn Ifẹ̀ ní ó fi Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, san ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹsìnmìrìn. Ìtàn náà kò sọ pé ọmọ náà tó nǹkan díẹ̀. Torí pé kò sí ohun tó tó ọmọ náà ni ìtàn náà fi ń dunni títí dòní. Mọ́remí kò sì wá ọmọ aládùúgbò lọ. Ti Jésù náà nìyẹn: àwọn tó gbà á gbọ́ ń sọ pé ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ ni, wọn ò sì tìtorí èyí yin Kayafa. Láàárín ẹni tó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ àti ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀, àlàfo ńlá ló wà, bí òkú wọn tilẹ̀ jọra lójú ẹni tó ń kọjá.

Òfin kejì, ti owó, ni àwọn onísìn kì í sábà dé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù lórí ilẹ̀ Ajah. Kọngílá ló ni katakata, ọmọ ọlọ́mọ ló ń wà á. Bí kọngílá bá ń yọ owó bóòtù kọ̀ọ̀kan tó gé nínú owó iṣẹ́ awakọ̀, tó sì tún ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú fún àkókò tó fi pààrọ̀ rẹ̀, ó ti kọ́ ọ láti wá bóòtù tí kì í gé. Awakọ̀ á fi 10.9 síbẹ̀, á sì pa ẹnu mọ́. Lọ́jọ́ tí gíábọ́ọ̀sì bá fọ́, wọ́n á ní aláìbìkítà ni, tàbí pé ayé ló ń ṣe katakata náà, wọ́n á sì pe ẹni tí yóò gbàdúrà sí i. Nínú ẹbọ, ẹni tí a dífá fún ló ń ra ẹran. A kì í dífá fún ọba ká ní kí ẹrú lọ ra ewúrẹ́ láti inú àpò ara rẹ̀. Kọngílá tí gíábọ́ọ̀sì jẹ́ tirẹ̀ ló yẹ kó ra páálí bóòtù kan, kó gbé e sábẹ́ àga katakata pẹ̀lú sípánà rẹ̀, kó sì ka wákàtí tí wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ wákàtí iṣẹ́ tó ń sanwó fún.