Ta Ló Ni Ọ̀rọ̀: Ẹni Tó Rò Ó Ni, Tàbí Ẹni Tó Sọ Ọ́?

Ìbéèrè kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti ti ìlú òyìnbó dé, mo sì fẹ́ kí á jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹnì kan bá ro ọ̀rọ̀ kan tí kò sọ ọ́ síta, tí ẹlòmíràn wá gbé e sọ, ta ló ni ín? Kí ẹ tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí pé èmi gan-an ni mo jẹ̀bi nínú ìtàn náà.

Kí n tó padà wá ka Ph.D. ní ọgbà wa yìí, mo lo ọdún kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí mo ti gboyè Masters nínú ìṣòwò àgbáyé. A ju 40 lọ ní kíláàsì, a sì wá láti orílẹ̀-èdè 17. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé olùkọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Mi ò bú u o, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n á fún yín ní ìtàn ilé-iṣẹ́ kan tó kó sí ìṣòro, ẹ ó kà á lóru. Tó bá di òwúrọ̀, olùkọ́ á wọlé, á nawọ́ sí ẹnì kan: "Tó bá jẹ́ ìwọ ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yìí, kí lo máa ṣe?" Case study ni wọ́n ń pè é. Harvard ní Amẹ́ríkà, tó dá ilé-ìwé ìṣòwò tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1908, ló sọ ọ́ di ńlá. Ní 1921 ni wọ́n kọ àkọ́kọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, lórí ilé-iṣẹ́ bàtà kan, General Shoe Company. Lagos Business School tiwa náà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ń lo ọ̀nà yìí. Ní Harvard, nínú ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sọ ní kíláàsì lè kó tó ìdajì máàkì rẹ̀. Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀, 30 nínú 100 ni.

Ẹ wá wo èmi ọmọ Yorùbá láàárín wọn. Nílé wa, ọmọ tó bá ń já lu ọ̀rọ̀ àgbà, ìfọ́tí ni yóò gbà. Ní yunifásítì níbí náà, ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí, tí mò ń kọ ohun tí lẹ́kítọ̀ bá pè. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko mi ò la ẹnu. Àwọn ọmọ Íńdíà, ọmọ Jámánì, ọmọ Brazil, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń da omi. Àwọn mìíràn nínú wọn ò tilẹ̀ sọ nǹkan tuntun kan, wọ́n kàn ń tún ti ẹni iwájú sọ ni, máàkì sì ń wọlé. Mo wá rántí pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀.

Mo sì rí ìdí tí ọ̀rọ̀ sísọ fi tọ̀nà. Irú kíláàsì yẹn, bí àáró ló rí. Lónìí gbogbo wa á lọ ro oko lágbájá, lọ́la a ó lọ ro ti tàmẹ̀dò. Ẹni tó ń gbọ́ ti gbogbo èèyàn lójoojúmọ́ tí kò sọ tirẹ̀, oko tirẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ro, kì í gbé ọkọ́ lọ sí ti ẹnikẹ́ni. Ìdákẹ́jẹ́ tí mò ń pè ní ìwà ọmọlúàbí nígbà yẹn, ìjẹkújẹ kan náà ló jẹ́. Mo ṣì gba ìyẹn gbọ́ títí dòní. Àmọ́ kò tán síbẹ̀.

Àwa márùn-ún la wà ní gúrúùpù kan. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ ọmọbìnrin láti Vietnam, òun ló kéré jù. Tiwọn jọ tiwa: lédè wọn, ẹni tó jù ẹ́ lọ, orúkọ ẹ̀gbọ́n lo máa fi pè é. "Anh" ló ń pè mí, ìyẹn bọ̀ọ̀dá. Èmi náà kọ́ ọ ní "Àbúrò", bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe ara wa. Òun náà ò lè sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Kì í ṣe pé kò mọ̀wé. Kó tó to Gẹ̀ẹ́sì tán lórí, àwọn tó kù ti kọjá síbòmíràn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìtàn tí wọ́n fún wa dá lórí ilé-iṣẹ́ tó ń ta mílíìkì oníyẹ̀fun ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ aráàlú. Èrè orí ọ̀rá kékeré kò tó nǹkan, wọ́n ń rò ó bóyá kí wọ́n pa á tì, kí wọ́n máa ta ti inú agolo nìkan. Gbogbo wa ní kí wọ́n pa á tì. Àbúrò wo ìwé rẹ̀ títí, ó ní: "Ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rá kékeré ló ń mú èèyàn wá lójoojúmọ́. Tẹ́ ẹ bá mú un kúrò, wọn ò ní wá mọ́, ta ló máa wá rí agolo yẹn rà?" Gbogbo wa dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, torí pé bẹ́ẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù ìyá tèmi rí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, olùkọ́ béèrè. Mo wo Àbúrò, ó ń wo tábìlì. Mo nawọ́. Mo sọ gbogbo ẹ̀, mo fi iyọ̀ sí i, mo fi ata sí i, mo ní "níbi tí mo ti wá". Olùkọ́ kọ ọ́ sójú pátákó, ó kọ orúkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Títí tí kọ́ọ̀sì náà fi parí, orúkọ mi ni wọ́n fi ń pe èrò yẹn.

Nígbà tá a jáde, mo ní, "Àbúrò, kò burú, àbí?" Ó rẹ́rìn-ín. "Anh, o sọ ọ́ dáadáa ju bí mi ò bá ṣe sọ ọ́ lọ." Ì bá bú mi, ọkàn mi ì bá fúyẹ́.

Nígbà tí èsì jáde, mo gba 71. Ó gba 48, bẹ́ẹ̀ 50 ni wọ́n fi ń yege. Máàkì méjì péré. Ó ní láti dúró ní àsìkò ìsinmi láti tún iṣẹ́ ṣe. Mo lọ bá olùkọ́, mo jẹ́wọ́. Ó gbọ́ mi tán, ó ní ọ̀rọ̀ tí òun gbọ́ ní kíláàsì lòun ń fún ní máàkì, òun ò lè fún ẹni tí òun ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Ní 2013, ìwé ìròyìn New York Times kọ ọ́ pé Harvard ti fi akọ̀wé sínú kíláàsì láti máa kọ ohun tí oníkálukú sọ, kí máàkì má baà ní ojúsàájú láàárín ọkùnrin àti obìnrin. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀wé yẹn, ẹnu ló lè kọ sílẹ̀. Bó bá jókòó sí kíláàsì tiwa, orúkọ mi lòun náà ì bá kọ.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀rẹ́ mi kan níbí, ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ṣebí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè? Ọ̀rọ̀ tí kò jáde lẹ́nu, kí ló wúlò fún?" Òótọ́ wà níbẹ̀. Bí mi ò bá sọ ọ́, kíláàsì ò ní gbọ́, ìmọ̀ yẹn á sì ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ òwe yẹn dáadáa. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ló wí. Ọgbọ́n náà ní olówó rẹ̀, òwe gan-an ò fi í pa mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àṣà wa rí. Ká tó pa òwe, a máa ní "àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní". Bí ọmọdé bá pa á níwájú àgbà, á ní "tótó, ó ṣe bí òwe o". Ìyẹn ni pé: mo sọ ọ́, àmọ́ èmi kọ́ ni mo ni ín. Nínú àáró, o lè lo ọkọ́ ẹlòmíràn, kò sẹ́ni tó máa bá ọ jà. Ìgbà tó o bá ní ọkọ́ rẹ ni, wàhálà dé. Èrò tèmi ni pé ẹni tó rò ó ló ni ọ̀rọ̀, ẹni tó sọ ọ́ kàn bá a gbé e dé ọjà ni. Ẹrù iṣẹ́ alágbàrù náà tọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ ara rẹ̀ di ọlọ́jà. Kí ni ì bá ná mi tí mo bá ní "Àbúrò mi ló sọ ọ́ lánàá"? Máàkì mi lè dín díẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ ọ́.

Ẹ má rò pé ti ìlú òyìnbó nìkan ni mò ń sọ. Asáímẹ́ǹtì ẹlẹ́ni mẹ́fà tá à ń ṣe níbí ńkọ́, tí ẹnì kan á ṣe é lóru, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ á wá lọ gbé e kalẹ̀ níwájú kíláàsì, tá a sì máa pàtẹ́wọ́ fún un? Nínú wọn, ta lẹ jẹ́?

Àbúrò yege nígbà tó tún un ṣe, ó ti padà sílé. Mo kọ̀wé sí i pé mo fẹ́ kọ àròkọ yìí, mo béèrè bóyá mo lè dárúkọ rẹ̀, kó lè jẹ́ pé lẹ́ẹ̀kan báyìí a fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ó ní rárá, ojú ń ti òun. Torí náà, orúkọ mi nìkan ló tún wà lórí rẹ̀.